Ògiri Àárín Imú Àbúrò Mi

Imú ni mo fi jẹun láyé yìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn kan fi kòkó jẹun, àwọn kan fi ṣọ́ọ̀kì jẹun, èmi fi imú ẹlòmíràn tọ́ ọmọ mẹ́rin yanjú. Nọ́ọ̀sì tíátà ni mí, ẹni tó máa ń dúró ti dókítà nígbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ abẹ, tí yóò máa na irinṣẹ́ sí i. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é, èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú etí, imú àti ọ̀nà ọ̀fun. Mo ti fẹ̀yìn tì. Mo wà nílé mi ní Ìṣẹ́-Èkìtì, mo ń sin adìyẹ, mo sì ń bá àwọn ọlọ́kadà tó ń sáré kọjá lójúlé mi jà.

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní kí n wá sọ ìtàn iṣẹ́ mi fún àwọn, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì yẹ wọ́n. Mo sọ èyí tó ń pani lẹ́rìn-ín fún wọn lọ́jọ́ náà, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n fún mi ní mínírà. Èyí tó kù, tí n kò lè sọ lójú wọn, ni mo ń kọ sílẹ̀ yìí. Ó ń dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́.

Bí mo ṣe wọṣẹ́ kò lọ́rọ̀ nínú. Mo kàwé nọ́ọ̀sì, mo yege, wọ́n gbà mí. Owó oṣù náà kò tó ohun tí à ń fẹnu sọ. Ilé ìwòsàn tí mo ti ṣiṣẹ́ ńkọ́? N kò ní í dárúkọ rẹ̀, nítorí ẹ̀bi tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ilé. Tèmi ni.

Dókítà Onímú ni gbogbo ènìyàn ń pe ọ̀gá mi, láti Ìkẹ́rẹ́ títí dé Emùré. Ọkùnrin kúkúrú ni. Ó máa ń de dígí róbótó kan mọ́ iwájú orí, ihò kékeré wà láàárín dígí náà. Iná gílóòbù a wà lẹ́yìn aláìsàn, dígí yóò gba ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, yóò sì dà á sínú ihò imú. Ọwọ́ ọkùnrin yìí fúyẹ́. Ẹnu rẹ̀ ni kò fúyẹ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ tíátà, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ọwọ́ rẹ ni mo gbà síṣẹ́. N kò gba ẹnu rẹ."

Kì í dárúkọ irinṣẹ́. Yóò kàn na ọwọ́ sẹ́yìn láìwò ọ́, ìwọ ni kí o mọ̀ bóyá ọ̀bẹ ló fẹ́ ni, tàbí ẹ̀mú, tàbí òòlù kékeré tí a fi ń gbá eegun. Bí o bá ṣì í, ilẹ̀ ni yóò sọ ọ́ sí, o óò sì lọ se òmíràn nínú omi gbígbóná. Ní oṣù kẹta mi, ó na ọwọ́, mo ṣiyèméjì, mo bá ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀mú kékeré ni?" Ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ṣí dígí sókè. Ó ń wò mí títí tí aláìsàn tó wà lórí tábìlì fi béèrè bóyá wọ́n ti parí. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń fọ irinṣẹ́ lẹ́yìn ilé, n kò fojú kan tíátà. Nígbà tó pè mí padà, mo ti kọ́gbọ́n. Mo kọ́ ọ ní àkọ́jù, bí ẹ óò ṣe rí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Yàrá méjì ló wà nínú imú, ògiri kan ló sì là wọ́n láàárín. Apá iwájú ògiri náà, eegun rírọ̀ ni, irú èyí tó máa ń ró kẹrẹkẹrẹ lẹ́nu tí a bá ń jẹ ọrùn ẹran. Apá ẹ̀yìn rẹ̀ ni eegun líle. Awọ bo ọ̀tún, awọ bo òsì. Bí ògiri yìí bá wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, yálà láti inú oyún tàbí nítorí pé ènìyàn ṣubú, yàrá kan á há, èémí kò ní í rọ́nà. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: àìmọye ló ń fi oògùn ọ̀fìnkìn jẹ owó wọn tó jẹ́ pé ògiri ló wọ́.

Ọ̀nà tí Ọ̀gá mọ̀ nígbà náà ni kíkó ògiri kúrò. Yóò fi òwú tí a rẹ sínú oògùn ti inú imú, yóò gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ojú ibẹ̀ kú. Aláìsàn kì í sùn, aṣọ ni a ó fi bò ó lójú. Yóò la awọ díẹ̀ níwájú, yóò ṣí i kúrò lára eegun lọ́tùn-ún lósì, bí a ṣe ń bó èèpo iṣu sísè. Lẹ́yìn náà, yóò máa gé eegun tó wọ́ jáde lẹ́yọ lẹ́yọ, yóò sì dá awọ méjèèjì padà kí wọ́n fara ti ara wọn. Ó ku awọ nìkan, kò ku ògiri. Ṣùgbọ́n òfin kan wà tó máa ń fi kọ́ wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní kátíkísìmù: "Ẹ fi ìbú ìka kan sílẹ̀ lókè, ẹ fi ìbú ìka kan sílẹ̀ níwájú. Ti òkè ni igi àjà, ti iwájú ni òpó. Ẹni tó bá yọ ọ́, imú yóò wó lé e lọ́wọ́."

Iṣẹ́ tèmi ni títo ohun tó bá yọ. Gọ́ọ̀sì tútù kan, aṣọ funfun tí a fi ń di egbò, máa ń wà níwájú mi. Ẹyọ eegun kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, èmi ni n óò tò ó síbẹ̀ bó ṣe wà nínú imú, ti iwájú síwájú, ti òkè sókè. Bí o bá wo gọ́ọ̀sì, o ti mọ ohun tó kù nínú ilé. Ó gbà mí ní ọdún bíi mẹ́fà kí ojú mi tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Èyí tó wọ́ a nípọn, a tẹ̀ kọrọdọ. Èyí tó súnmọ́ òkè a gún régé, etí rẹ̀ a dán.

Ọ̀nà yẹn ní ire tirẹ̀, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Bàbá àgbẹ̀ kan wá láti Ìlúmọba, ó ní ó tó ogún ọdún tí òun ti gbọ́ òórùn iṣu sísun kẹ́yìn. Gọ́ọ̀sì gígùn tí a fi fáàsìlínì pa la máa ń kì bọ imú lẹ́yìn iṣẹ́, kí awọ lè lẹ̀ mọ́ra. Ọjọ́ kejì la ó fà á jáde, ó sì máa ń gùn ju apá ènìyàn lọ. Bàbá náà bú mi, ó bú ìyá tó bí mi, ó bú ìlú Ìṣẹ́ látòkè délẹ̀. Nígbà tí atẹ́gùn wá wọlé, ó bú sẹ́kún, ó ní kí n dárí ji òun. Mo ní, "Bàbá, a ti gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Èmi àti Táyọ̀ nìkan ni ìyá wa bí tó yè. Àbúrò mi ni. Nígbà tó wà ní kékeré, ó kọsẹ̀ lóko kòkó bàbá wa, ó fi imú lu gbòǹgbò igi. Ẹ̀jẹ̀ dà, wọ́n fi omi tútù sí i, ọ̀rọ̀ parí. Ó dàgbà, ó di tíṣà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Emùré, òun ló sì ń ṣáájú àwọn obìnrin tó ń kọ ohùn òkè ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ èémí kì í tó o kọ orin dópin. Bó bá sùn, ará ilé kò lè sùn. Nígbà tí ìgbéyàwó rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ó wá bá mi.

Ó ní, "Àǹtí mi, umú yìí ti sú mi. Ṣé kí ọkọ mi sá kúrò nínú ulé ní ọjọ́ kejì ni?"

Mo rẹ́rìn-ín títí. Mo ní, "Ùwọ má bẹ̀rù. Ọ̀gá mi ni yóò ṣe é."

Ìyá wa ló ń kọminú. Ó ní, "Ulé ọkọ ni ó ń lọ yìí. Ṣé ojú ọmọ mi kò ní bàjẹ́?"

Mo ní, "Yèyé, èmi gan-an ni mo máa dúró níbẹ̀."

Mo dúró níbẹ̀ lóòótọ́. Òun ni aláìsàn kẹrin lọ́jọ́ náà. A fi aṣọ bò ó lójú, ó ń kọ orin ìyìn lábẹ́lẹ̀ nínú ọ̀fun, Ọ̀gá ní kí ó dákẹ́. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Mo ń to eegun àbúrò mi sórí gọ́ọ̀sì bí mo ṣe ń to ti ẹnikẹ́ni. A ti dé ìdajì nígbà tí wọ́n mú iná lọ. Jẹnẹrétọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Òṣìṣẹ́ kan gbé tọ́ọ̀ṣì, ó ń tàn án sí dígí orí Ọ̀gá, ìmọ́lẹ̀ ń yẹ̀, Ọ̀gá ń kùn. Ó rẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ pé ó rẹ̀ ẹ́. Ó ń gé, ó ń nà án sí mi, mo ń tò.

Èyí tó wọ́ ti tán lára rẹ̀. Gọ́ọ̀sì ti sọ fún mi. Mo ń retí kí Ọ̀gá ní kí n fún òun ní òwú. Ẹyọ kan tún bọ́ sọ́wọ́ mi, ó gún régé, etí rẹ̀ ń dán. Mo gbé e síbi tó yẹ lórí gọ́ọ̀sì, mo sì rí i pé ara igi àjà ni.

Mo ya ẹnu. "Ọ̀..." ló jáde. Ọ̀gá gbójú sókè lábẹ́ dígí, ó wò mí. Ìwò tó wò mí ní oṣù kẹta mi nì ni. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn. Mo mọ ohun tó ń béèrè, mo mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe, mo sì fi ẹ̀mú lé e lọ́wọ́. Ó yọ ẹyọ kejì.

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, ọmọ tuntun náà sì jẹ́ ọmọ ìyá mi.

Ohun tó tún ń pa mí lọ́kàn ni pé inú rẹ̀ dùn. Nígbà tí a fa gọ́ọ̀sì jáde, ó mí, ó tún mí, ó dì mọ́ mi lọ́rùn. Ó fi imú tó wú díẹ̀ ṣègbéyàwó, ó sì rẹwà. Mo ti ń tan ara mi pé ojú mi ló ṣì í. Ní oṣù kejì, wíwú náà lọ, àárín imú bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ó rì títí tó fi dà bí òrùlé tí igi àjà rẹ̀ ti jẹrà. Awọ tó kù láàárín náà kò gbà á, ó lu, ihò kan yọ níbẹ̀. Bí Táyọ̀ bá ti mí, ihò náà a súfèé. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò mọ ìkà, ọmọdé ni wọ́n, wọ́n sọ ọ́ ní Tíṣà Fèrè. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí gbogbo ìjọ bá dákẹ́ láti gbàdúrà, ènìyàn a máa wẹ̀yìn. Ó kúrò ní ìlà iwájú. Nígbà tó yá, ó kúrò nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ọkọ rẹ̀ kò fi í sílẹ̀, Ọlọ́run yóò bù kún un, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà kò sí fọ́tò kan tí Táyọ̀ dúró wo kámẹ́rà tààrà.

Mo mú un lọ bá Ọ̀gá. Ó yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. Nígbà tí Táyọ̀ jáde, ó jókòó, ó bọ́ dígí lórí, ó ní, "Nọ́ọ̀sì, ìwọ lo to gọ́ọ̀sì. Kí lo rí?"

Ẹ gbọ́ o. Ọkùnrin tí kì í gba ẹnu mi, òun ló ń béèrè ọ̀rọ̀ ẹnu mi yìí. Mo ní, "N kò rí nǹkan kan, sà."

Ó mi orí. Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, títí tó sì fi kú. Bóyá ká ní mo sọ òtítọ́, òfin ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ì bá yí padà, àwọn nọ́ọ̀sì tó wá lẹ́yìn mi ì bá lè sọ̀rọ̀. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ìyá wa náà kò bi mí léèrè rí. Yóò kàn wo Táyọ̀, yóò wò mí, yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ títí tó fi kú.

Ọdún gorí ọdún, irinṣẹ́ yí padà. Dókítà obìnrin kan wá rọ́pò Ọ̀gá, ọmọ tí mo lè bí ni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ wa nínú tíátà, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bá mi sọ̀rọ̀. Ojú tèmi wà nínú ihò, ojú tiyín wà níta."

Ọ̀nà tirẹ̀ ni títọ́ ògiri dípò kíkó o. Oògùn oorun ni wọ́n ń fún aláìsàn, kò mọ nǹkan kan. Dókítà á ṣí awọ, ìwọ̀nba ibi tó wọ́ nìkan ni yóò gé. Eegun rírọ̀ tó bá tẹ̀, yóò fi ọ̀bẹ sín in ní gbẹ́rẹ́ díẹ̀díẹ̀ kó lè gbàgbé títẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá gé jáde, yóò tọ́ ọ, yóò dá a padà sáàárín awọ méjèèjì, yóò fi òwú rán an mọ́lẹ̀. N kò mọ̀ ọ́n. Ó na ẹyọ eegun kan sí mi, mo ti gbé e dé ẹnu bọ́kẹ́ẹ̀tì bí ìṣe wa àtijọ́.

Ó ké, "Màmá, ẹ má dà á nù! Ó máa padà sílé!"

Ó máa padà sílé. Mo rántí ẹyọ méjì ti Táyọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi dà sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ì bá ti dá wọn padà ká ní ẹnikẹ́ni nínú wa mọ̀. Omijé rin ìbòmú mi gbindin, mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n jáde díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lẹ́nu dé. Gbogbo wa ló ń wo inú imú nínú tẹlifíṣọ̀n, kò sí ohun tó fara sin fún nọ́ọ̀sì mọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn imú ni eegun ti yọ gọngọ, kámẹ́rà ló dára jù. Dókítà á lọ síbẹ̀ tààrà, á gé e, á jáde. Bó bá jẹ́ ní iwájú pátápátá ló wọ́, kámẹ́rà nìkan kò tó, àfi kó ṣí i, kó tọ́ ọ, kó rán an. Bí ògiri bá ti fọ́ yángá látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n lè yọ gbogbo rẹ̀ sórí tábìlì, kí wọ́n tò ó, kí wọ́n sì gbé e padà. A kì í fi bẹ́ẹ̀ ki gọ́ọ̀sì gígùn bọ imú mọ́, wọ́n ń rán awọ méjèèjì pọ̀ ni. Àwọn aláìsàn kò bú ìyá mi mọ́.

Mo mú Táyọ̀ lọ bá dókítà obìnrin yìí. Ó ní wọ́n lè gé eegun rírọ̀ díẹ̀ níbi ìhà rẹ̀, kí wọ́n fi gbé àárín imú dìde. Mo ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Táyọ̀ bi í léèrè ohun kan ṣoṣo.

"Dókítà, ṣé mo máa sùn ni, àbí mo máa máa gbọ́ yín?"

Ó ní, "Ẹ máa sùn, mà. Ẹ kò ní í gbọ́ nǹkan kan."

Táyọ̀ dúpẹ́, ó ní òun yóò rò ó. Nínú mọ́tò tó ń gbé wa padà, ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́, Àǹtí mi. Ẹ jẹ́ kí umú mi sinmi." Kò sì padà lọ.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, àyè wá gbà mí láti ronú, ìrònú náà kò sì dára fún mi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Emùré. Mo bá Táyọ̀ níwájú ilé rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú àtẹ. Mo jókòó tì í. Mo sọ gbogbo rẹ̀: tọ́ọ̀ṣì, gọ́ọ̀sì, ẹyọ tí etí rẹ̀ ń dán, ẹ̀mú tí mo fi sọ́wọ́ Ọ̀gá, irọ́ tí mo pa nígbà tí Ọ̀gá bi mí. Ó ń ṣa ẹ̀wà. Kò gbójú sókè.

Nígbà tí mo dákẹ́, ó ní, "Àǹtí mi, ojú mi ni wọ́n fi aṣọ bò. Wọn kò bo etí mi."

Mo kọjú sí i.

Ó ní, "Mọ gbọ́ yín. Ẹ ní 'Ọ̀', ẹ wá gbé e mì. Mọ mọ̀ pé nǹkan ti dé. Mo ní lọ́kàn mi pé kí n má bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n mi wà níbẹ̀, ó máa sọ ọ́. Mo ń retí yín. Mọ gbọ́ nígbà tí irin bọ́ sọ́wọ́ dókítà."

Mo ní, "Kí ló wá dé tí o kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí?"

Ó gbé àtẹ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ni mo ń retí."

Mo kúnlẹ̀ fún àbúrò mi. Ó fà mí dìde, ó ní òun ti dárí jì mí kí ìyá wa tó kú, pé gbígbàgbé ni kò ṣeé ṣe fún òun. A sunkún títí oòrùn fi kúrò lójú ilé, àwa arúgbó méjì.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń bi mí bóyá iṣẹ́ nọ́ọ̀sì dára, ó dára. Ẹ lọ kọ́ ọ. Wọn yóò sọ fún yín pé ọwọ́ yín ni wọ́n gbà síṣẹ́. Ẹ bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá yín, ẹ pè é ní sà, ẹ kúnlẹ̀ bó bá gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹnu yín dání wọ tíátà. Ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ ń retí yín.